Òru Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣètò: Ìrìn Àjò Ọjọ́ Méjì Lórí Ọ̀sà, Láti Èkó Dé Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń ṣètò ìrìn àjò ojú omi tí yóò sun òru kan sí. Mo jẹ́ ìpè náà tayọ̀tayọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ omi Èkó ń jẹ mí lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, ọ̀sà á sì tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ibi tí omi yẹn ti ń bọ̀, wọn kò sì mọ ìlú tó wà létí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Inú mi máa ń bàjẹ́ sí i. Omi baba wa ni.

Kókó kan ṣoṣo ni mo mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ irú ìrìn àjò yìí, ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Yóò wá ọkọ̀, yóò wá ọ̀rẹ́ tí wọn yóò jọ lọ, yóò ra ẹran sínú kúlà, lẹ́yìn náà ni yóò tó béèrè ibi tí ilẹ̀ yóò ṣú wọn sí. Èmi ní òru ni ká kọ́kọ́ ṣètò. Ibo la ó sùn? Ta ló ni èbúté ibẹ̀? Aago mélòó la fẹ́ so ọkọ̀ wa mọ́lẹ̀? Bí a bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí, aago tí a ó gbéra, iye epo tí a ó rà, iye èèyàn tí yóò wọ ọkọ̀ àti ìwọ̀n ẹrù tí a ó dì, gbogbo rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ara wọn wá. Bí a kò bá rí ìdáhùn sí wọn, ẹ jẹ́ ká jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká mọ omi tí à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀sà mẹ́ta ló so kọ́ra: Ọ̀sà Èkó, Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn, tó gba Abẹ́òkúta wá, ń tú sínú Ọ̀sà Èkó nítòsí Ìkòròdú. Odò Ọ̀ṣun, tó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Èkìtì tó sì gba Òṣogbo kọjá, ń tú sí apá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Odò Ọni náà ń wọ Ọ̀sà Lẹ́kí láti apá òkè ìlà-oòrùn. Nítorí náà, òjò tó rọ̀ ní Òṣogbo lánàá lè jẹ́ omi tí yóò gbé ọkọ̀ yín sókè ní ọjọ́ mélòó kan sí i, bí ẹ̀kán òjò kan kò tilẹ̀ ta sí yín lórí.

Àwọn ọ̀sà wọ̀nyí fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jìn. Ọ̀sà Lẹ́kí fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú lóròó, síbẹ̀ ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 6.4, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì tó mítà mẹ́ta. Ẹnì kan lè gbọ́ èyí kó ní, ṣebí omi tí kò jìn kò lè ṣe wá ní nǹkan. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lórí omi tó fẹ̀ tí kò jìn, ìgbì rẹ̀ máa ń kúrú, ó máa ń ga ṣóńṣó, ó sì máa ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Ọkọ̀ kékeré kò ní ráyè gun ọ̀kan tán kí èkejì tó gbá a. Láàárín aago méjìlá ọ̀sán sí aago mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ láti ọ̀nà òkun máa ń lágbára jù, ibi tó sì ti máa ń da ọkọ̀ láàmú ni àárín gbùngbùn ọ̀sà, níbi tí igi kankan kò ti dínà fún un. Ẹni tó bá mọ èyí yóò ti rí i pé òwúrọ̀ ni ìrìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán bá yín létí ilẹ̀.

Mo ní òru la ó kọ́kọ́ ṣètò, àmọ́ kì í ṣe láti fi òru rìn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, NIWA, àti ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, kò fẹ́ kí ọkọ̀ akérò máa rìn lálẹ́. Kò yẹ kí a máa rò pé wọ́n kàn fẹ́ dí èèyàn lọ́wọ́ ni. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lórí Odò Ọya, ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kúárà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Òru ni wọ́n ń rìn, èrò sì ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Mo ń dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé ayẹyẹ ni wọ́n ti ń bọ̀, bí tiyín náà yóò ṣe jẹ́ ìgbádùn. Inú dídùn máa ń mú kí èèyàn sọ pé, ẹ jẹ́ ká ṣáà máa lọ, kò jìnnà mọ́.

Kí ló wà nínú omi lálẹ́ tí ojú kò rí? Lórí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja máa ń ri èèkàn mọ́lẹ̀ láti fi de àwọ̀n àti ìgèrè. Bí omi bá kún, orí èèkàn náà á rì díẹ̀ sísàlẹ̀, á wá dúró ṣinṣin síbẹ̀ níbi tí ojú kò tó o, ní ibi tí ìdí ọkọ̀ fáíbà yóò gbà kọjá gan-an. Àwọn kan máa ń so ike omi sí etí àwọ̀n kí a lè rí i. Ní ọ̀sán, ike funfun náà ń hàn láti ọ̀nà jíjìn, lálẹ́ kò sí nǹkan kan. Igi gẹdú tó já kúrò lára ìdì tí wọ́n ń fà lọ sí ibi ìlagi náà ń léfòó káàkiri, ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Lápá Ìkòròdú ńkọ́? Ọkọ̀ àwọn tó ń wa iyanrìn lè dúró gbagidi sí ojú ọ̀nà láìtan iná. Kò sí iná tọ́ọ̀ṣì tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ gbogbo èyí bí ọkọ̀ bá ń sáré.

Ó yá, ibo la ó sùn?

Fún ẹni tó ń lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń dárúkọ. Láti èbúté Badore ní Èkó dé ibẹ̀ lójú omi lé ní kìlómítà 40. Ìlú ńlá ni, ilé ìtura wà, ilé ìwòsàn wà, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe wà, ọjà ẹja Olúwo sì wà níbẹ̀, níbi tí ẹ ó ti rí ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi. Ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú yẹ lẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, omi yìí náà ló gbà dé Ẹ̀pẹ́, òun àti àwọn olóyè àti jagunjagun rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n bá a ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ọdún 1862 ló sì tó padà sí Èkó. Àwọn ọmọ àwọn tó bá a lọ wà ní Ẹ̀pẹ́ títí dòní, àwọn ni wọ́n ń ṣe ọdún Káyòkáyò láti fi rántí ìgúnlẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé Kòsọ́kọ́ kò kàn gúnlẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, Awùjalẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i kó jókòó níbẹ̀. Ọba tó ń sá fún ogun pàápàá wá ẹni tí yóò gbà á kó tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀jìnrìn náà dára, kí ẹ tó dé Ẹ̀pẹ́. Ọjà ibẹ̀ lókìkí láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Èkó ti ń fi ọkọ̀ pàdé àwọn ará Ìjẹ̀bú. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, àjẹ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń lọ, kì í sì í ṣe ìrìn tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Oorun ojú ọ̀nà kì í ṣe afẹ́ fún wọn, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó fẹ́ rí Ọ̀sà Lẹ́kí, kó fi mọ́tò gbé ara rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, kó gba ọkọ̀ níbẹ̀, kó wá sun Èbúté Lẹ́kí tàbí Ìwòpin. Kò bọ́gbọ́n mu láti ti Èkó lọ bẹ Ọ̀sà Lẹ́kí wò kí a sì padà sí Èkó láàárín ọjọ́ méjì. Ojú ọ̀nà nìkan ni ẹ ó máa rí, ẹ kò ní rí omi.

Bí ẹ bá ti mú ibi kan, ẹ ránṣẹ́ síwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èbúté yẹn kọ́kọ́ rí yín ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹnì kan nínú yín lọ bá Baálẹ̀ tàbí olórí àwọn apẹja. Mo ti wà níbi tí ọmọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ nínú abà kan létí Ọ̀sà Lẹ́kí.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ so ọkọ̀ wa mọ́ èbúté yín mọ́jú, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin mélòó ni?"

"Márùn-ún ni wá, bàbá. Obìnrin méjì wà nínú wa."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀. "Sátidé kò ní ṣe é ṣe. Orò ń bẹ lóde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó bá wa nílé."

Kò sí ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú etí ọ̀sà, ọjọ́ kan lè wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ìkòròdú nígbà ọdún Màgbó. Ọjọ́ mìíràn lè wà tí wọn kì í ju àwọ̀n sí apá ibì kan nínú omi. Àlejò tó béèrè yóò mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà yóò sì bá a ṣọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Olè ń jí ẹ́ńjìnnì gan-an létí omi wa, ojú àwọn onílé sì dára ju ṣéènì lọ.

Ní báyìí tí a ti mọ ibùsùn wa, ẹ jẹ́ ká ka wákàtí padà sẹ́yìn. Ní agbègbè wa, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, jálẹ̀ ọdún. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ ti wà lórí ìso ní aago mẹ́ta, ó pẹ́ tán, kí wákàtí mẹ́ta gbáko lè ṣẹ́kù tí ohunkóhun bá bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì Yamaha fọ́tí lára ọkọ̀ fáíbà tó gbé èèyàn márùn-ún lè sá tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan bí omi bá pa rọ́rọ́. Ẹ má fi ìyẹn ṣírò. Ẹ fi kìlómítà 15 ṣírò, nítorí ẹ ó dúró, ẹ ó yà fún àwọ̀n, ẹ ó yọ koríko kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Láti Badore dé Ẹ̀pẹ́ yóò wá jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ ó dé ní aago mọ́kànlá, wákàtí mẹ́rin ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ ti ìdààmú. Bí ìdààmú kò bá dé, ẹ lọ fi í jẹ ẹja ní Olúwo.

Àkókò inú ọdún ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ fara balẹ̀, nítorí omi kan náà kọ́ ni ní oṣù Kínní àti oṣù Kẹsàn-án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò kò ní omi púpọ̀ láti tú jáde, iyọ̀ inú òkun máa ń gba ẹnu èbúté wọ Ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, omi odò á lé e padà, ọ̀sà á di omi tútù láìní iyọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí ní tirẹ̀ jìnnà sí ẹnu òkun, kò sì ní iyọ̀ rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ló kan ẹni tó ń rìnrìn àjò nínú èyí? Koríko ni. Ní ọdún 1984 ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí koríko àjèjì olódòdó aláwọ̀ àlùkò kan lójú omi Àgbádárìgì, tó ti apá orílẹ̀-èdè Benin ṣàn wọlé. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti bo ojú omi kiri gbogbo etíkun wa. Ojú oró àti òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀ kò ṣe irú èyí rí. Àmọ́ iyọ̀ ń pa á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọ̀sà Èkó máa ń mọ́ díẹ̀ nítorí iyọ̀ tó wọlé. Nígbà òjò, odò á tún kó òmíràn wá ní ìdì ńláńlá. Ní Ọ̀sà Lẹ́kí, kò sí iyọ̀ tí yóò pa á, nítorí náà kò sí oṣù tí ẹ kò ní bá a níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá wọ àárín rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ iná mọ́ ọn láti fi agbára kọjá. Gbòǹgbò rẹ̀ á lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, á sì dí ihò tí omi ń gbà wọlé láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ń ṣe bákan náà, ọ̀rá sì pọ̀ nínú ọ̀sà wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ẹ fi ọ̀pá gbọn koríko náà kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án, nítorí ejò a máa sinmi nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí omi mu fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jóná, ibẹ̀ ni òru yóò sì bá yín.

Láti ìparí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti lọ, koríko ti ń dínkù, omi sì balẹ̀. Ohun tó ń bá a rìn ni ọyẹ́: ní òwúrọ̀, kùrukùru lè bo ọ̀sà tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní rí iwájú ọkọ̀ yín dáadáa. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àrá àti ìmọ́lẹ̀ mànàmáná. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú dùdù lápá Ẹ̀pẹ́, ẹ yà sí etí ilẹ̀ tó súnmọ́ yín jù, ẹ má ṣe díje pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tó ń gba Odò Ògùn wá, máa ń mú kí ìṣàn lágbára lápá Ìkòròdú. Ní irú àkókò yẹn, ẹ dúró.

Epo ni ọ̀rọ̀ kàn. Yamaha fọ́tí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ lè mu tó lítà 15 ní wákàtí kan bí a bá tẹ iná sí i dáadáa. Fún wákàtí mẹ́ta àlọ, lítà 45. Àbọ̀, 45. Ẹ fi 45 mìíràn sílẹ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn àyàfi tí nǹkan bá yí. Àpapọ̀ jẹ́ 135. Ìdá mẹ́ta ni àwọn awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ ń pín epo sí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe dín ìdá kẹta kù nítorí owó. Epo tó tó báyìí wúwo tó ọgọ́rùn-ún kílò. Omi mímu fún èèyàn márùn-ún, lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ogójì kílò ni fún ọjọ́ méjì. Ẹ ti rí i pé kí aṣọ àti oúnjẹ tó wọlé, ó ti dà bí ẹni pé èèyàn méjì mìíràn jókòó tì yín. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé ó gba èèyàn mẹ́jọ, èèyàn márùn-ún ni kó wọ̀ ọ́. Ẹ to kẹ́ẹ̀gì epo sí àárín, nísàlẹ̀, kí ẹ fi okùn dì wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá tàbí kó dáná nínú ọkọ̀.

Ẹ mú púlọ́ọ̀gì tuntun dání àti sípánà rẹ̀, okùn tí a fi ń fa ẹ́ńjìnnì, àti prọ́pẹ́là kan sí i. Ẹ mú àjẹ̀ méjì àti ọ̀pá ọparun gígùn kan, bí ẹ́ńjìnnì yín tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Mo bá awakọ̀ àgbà kan rìn ní apá Ẹ̀pẹ́, tó máa ń ti ọ̀pá bọ omi ní gbogbo ìgbà tí àwọ̀ omi bá yí padà. Kò wo ibi tí omi mu ọ̀pá dé nìkan. Yóò gbé ìdí rẹ̀ sókè, yóò wò ó, yóò fọwọ́ pa á. Ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn ń sọ fún un pé ojú ọ̀nà odò àtijọ́ ló wà, ibẹ̀ jìn, ìdákọ̀ró yóò sì mú ilẹ̀ níbẹ̀. Iyanrìn funfun tó ń hó ṣàṣà lábẹ́ ọ̀pá ń sọ fún un pé òkè iyanrìn ti ń bọ̀ níwájú, kó yà. Ọ̀pá náà kò gbówó lórí. Ẹ rí i pé ẹ mú un.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ní àríyànjiyàn nínú. Kí ó wà lọ́rùn kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó má kúrò lọ́rùn títí ẹsẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ dì í tán, kí ẹnì kejì yín fi ọwọ́ méjèèjì gbé èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá gòkè dé etí, kò bá yín mu. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á yọ́ nínú rẹ̀ bí ó bá já sómi. Ẹ so fèrè mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn èèyàn kì í rìn jìnnà bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, ti fèrè ń rìn. Oúnjẹ kò gba àròjù: gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, ẹ̀kọ tútù, ata díndín nínú ike. Ẹja, ẹ ó rà á níbẹ̀.

Ó di alẹ́. Bí èbúté bá wà, ẹ so ọkọ̀, àmọ́ ẹ fi okùn sílẹ̀ díẹ̀. Nítòsí Èkó, omi ń wọlé ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè tó mítà kan. Bí ìso bá le jù, ọkọ̀ á fi apá kan kọ́ nígbà tí omi bá fà, omi á sì rọ́ wọ inú rẹ̀ láti apá kejì. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyẹn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, odò tó kún lókè ló ń gbé omi sókè níbẹ̀. Bí ẹ bá máa lo ìdákọ̀ró, okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi. Ibi tó jìn tó mítà mẹ́ta yóò gba okùn mítà 15 sí 21. Okùn kúkúrú ń fa ìdákọ̀ró sókè, ọkọ̀ á sì máa rìn lọ nígbà tí gbogbo yín bá sùn. Ẹ má sùn sínú ọkọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé okùn epo àti kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì gòkè, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ẹ̀fọn etí ọ̀sà kì í dúró de aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jókòó ti àwọn ará ìlú, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ afẹ́fẹ́ àti orúkọ erékùṣù. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀sà yìí, níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, n kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Bí kùrukùru bá wà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dúró títí ẹ ó fi lè rí etí ilẹ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi wákàtí sílẹ̀ fún ọjọ́ àbọ̀ pẹ̀lú. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí kò tíì ká, tí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀sán yóò bá yín ní àárín Ọ̀sà Èkó, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé yín, ẹ wọ mọ́tò padà sí Èkó, kí ẹ wá gbé e lọ́jọ́ mìíràn.

Ó ku ẹnì kan tí kò ní bá yín lọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ ìwé kan fún un, ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó wà lórí ilẹ̀: orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, àwọ̀ ọkọ̀, irú ẹ́ńjìnnì, èbúté tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ ó sùn, nọ́ńbà fóònù onílé yín níbẹ̀, àti aago tí ẹ ó pè é. Kí ẹ pè é nígbà tí ẹ bá dé, kí ẹ tún pè é kí ẹ tó kúrò lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ aago kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún àpẹẹrẹ. Bí aago mẹ́rin bá lù tí kò gbóhùn yín, kó pe onílé yín ní Ẹ̀pẹ́. Bí onílé bá ní ẹ ti kúrò láti àárọ̀, tí fóònù yín kò sì lọ, kó pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀, kó ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn. Kó má ṣe dúró di aago méje. Wákàtí ìmọ́lẹ̀ méjì ààbọ̀ péré ló kù fún ẹni tí yóò wá yín.